Ẹ̀rọ wo ló ń gé àlàfo kúrò lára orúkọ Yorùbá dáadáa? Excel, Sheets, Python àti PHP lórí òṣùwọ̀n

Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé orúkọ àti ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Ìbàdàn. Ọ̀nà tí orúkọ ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi pọ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù, àwọn kan ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó àwọn kan látinú owó oṣù wọn sì máa ń fi Excel tiwọn ránṣẹ́. Tí oṣù bá ti parí, mo ní láti rí i pé orúkọ tó wà nínú ìwé ibi iṣẹ́ bá èyí tó wà lọ́wọ́ mi mu, kí owó oníkálukú lè bọ́ sórúkọ ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ gan-an ni àlàfo ti ń da iṣẹ́ rú, ìdí nìyẹn tí mo fi lo gbogbo ohun tí mo lè rí tó ń gé e, tí mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Àlàfo tí mò ń sọ ni ohun tó ń jáde tí a bá tẹ bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kííbọọ̀dù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní space. Tó bá wà láàárín orúkọ ẹni àti orúkọ bàbá ẹni, kò sí wàhálà. Tó bá wà lẹ́yìn orúkọ, tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ojú wa ò lè rí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i. Ẹ kọ "Fọláṣadé" sínú cell kan, ẹ kọ "Fọláṣadé " tó ní space kan lẹ́yìn sínú òmíràn, kí ẹ wá ní kí VLOOKUP, fọ́múlà Excel tó ń wá ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ìwé, bá yín fi èkíní wá èkejì. #N/A, ìyẹn ni pé kò rí i, ló máa fi dá yín lóhùn. Lójú tiẹ̀, èèyàn méjì ni wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn já sí pé ìyá kan sanwó, ìwé ní kò san. "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi ò dé ọ̀dọ̀ yín ni?" Ìbéèrè yẹn kì í dùn ún gbọ́ lójú ìpàdé.

Fóònù ló ń dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Tí ẹ bá ń tẹ orúkọ, tí kííbọọ̀dù gbé ọ̀rọ̀ kan wá lókè pé bóyá èyí lẹ fẹ́ kọ, tí ẹ sì fọwọ́ kàn án, á kọ ọ́ tán, á tún fi space tì í lẹ́yìn. Oore ló rò pé òun ń ṣe. Ní ti ímeèlì, ó ti ní àbò: tí ẹni tó kọ́ ojú òpó bá pe àpótí náà ní type="email", bíráúsà fúnra rẹ̀ ló máa gé àlàfo iwájú àti tẹ̀yìn dànù. Àpótí orúkọ ò ní irú àbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ TRIM inú Excel bẹ̀rẹ̀, torí òun ló súnmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jù. Ẹ kọ =TRIM(A2), ẹ tẹ Enter, ó tán. Ó ń gé èyí tó wà níwájú, ó ń gé èyí tó wà lẹ́yìn, tí space méjì tàbí mẹ́ta bá sì tò tẹ̀ léra láàárín orúkọ, á dín in kù sí ẹyọ kan. Iṣẹ́ kẹta yẹn ni mo yìn ín sí jù. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò kọ orúkọ mẹ́ta nínú ọkọ̀ akérò kì í tẹ space níwọ̀n, àárín orúkọ sì ni àṣejù rẹ̀ sábà máa ń wà.

Ṣùgbọ́n fọ́múlà ni TRIM, kì í tún nǹkan ṣe síbi tó wà. Ẹ máa nílò kọ́lọ́ọ̀mù mìíràn fún èsì rẹ̀, ẹ máa kọ́pì èsì náà, ẹ máa lẹ̀ ẹ́ padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ tó pa kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ àárín, tó kàn pa kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ rẹ́, á rí #REF! láti òkè délẹ̀. Ó tún ń sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀: tí ẹ bá lò ó lórí kọ́lọ́ọ̀mù owó, SUM ò ní ka ìkankan nínú wọn mọ́, òdo ló máa mú wá fún yín. Àwọn kan á ní kí ẹ fi VALUE, tó ń sọ ọ̀rọ̀ padà di nọ́ńbà, bò ó. Fún owó, kò burú. Ẹ má dán an wò lórí nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ti fóònù láéláé, torí VALUE máa gé òdo tó wà níwájú: 080 á di 80, àkáǹtì oní-fígọ̀ 10 tó fi òdo bẹ̀rẹ̀ á di oní-fígọ̀ 9, báǹkì á sì dá owó padà.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé irú àlàfo kan ṣoṣo ló mọ̀. Gbogbo àmì tí kọ̀ǹpútà ń kọ ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, nọ́ńbà space tí a ń tẹ̀ sì ni 32. Àwọn tó ń kọ́ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ní òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 160, wọ́n ń lò ó kí ọ̀rọ̀ méjì má bàa pínyà sórí ìlà méjì. Tí ẹ bá kọ́pì orúkọ látorí ojú òpó wá sínú Excel, 160 lè tẹ̀ lé e wọlé. Bí ẹ ṣe rí 32 náà lẹ ṣe máa rí i. TRIM ò ní fọwọ́ kàn án. Àfi bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì tó jẹ́ pé dúdú nìkan ló ń ṣà: èyí tó funfun, eyín la máa fi mọ̀ ọ́n. Microsoft ò fi èyí pamọ́ o, ó wà nínú àlàyé táwọn fúnra wọn kọ pé 32 ni wọ́n ṣe TRIM fún. CLEAN tí àwọn èèyàn tún máa ń dárúkọ ò wúlò níbí, torí àmì 0 sí 31 ni tiẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ rèé: =TRIM(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(160)," ")). Ó ń sọ 160 di 32 ná, TRIM á wá ṣe ìyókù. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ṣírò, torí kò sẹ́ni tó máa há irú ìyẹn sórí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú àlàfo tó wà lẹ́yìn orúkọ kan, ẹ kọ =UNICODE(RIGHT(A2,1)). Ó ń sọ nọ́ńbà àmì tó gbẹ̀yìn. Tó bá mú 32 wá, TRIM lásán tó. Tó bá jẹ́ 160, fọ́múlà gígùn yẹn ni. Tó bá jẹ́ 8203, àmì kan tí kò ní fífẹ̀ rárá ni, ẹ fi SUBSTITUTE yọ ọ́, kí ẹ má fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Tó bá wá mú 768 wá ńkọ́? Ẹ dúró o, ẹ má fọwọ́ kàn án. 768 ni àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ibí ni àwa tí a ń fi àmì sórí orúkọ ti yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n kọ ìmọ̀ràn Excel káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì fún. Ẹ wo Adébáyọ̀. Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ lórí ìka: A, d, é, b, á, y, ọ̀. Méje ni. Ẹ ní kí LEN, fọ́múlà tó ń ka iye àmì inú cell, kà á, 8 ló máa sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Ìdí ni pé é àti á ní nọ́ńbà tiwọn lódindi, àmọ́ kò sí nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti ọ̀. Ọ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àmì kejì. Tó bá sì jẹ́ kííbọọ̀dù tó ń ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára é àti á náà ni wọ́n fi kọ ọ́, LEN á tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé "ẹ ka lẹ́tà, kí ẹ fi wé LEN, tí LEN bá lé, àlàfo ni" ò bá orúkọ tiwa mu. Ẹ fi LEN(A2) wé LEN(TRIM(A2)) dípò rẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, 32 kankan ò sí níbi tí kò yẹ. Ẹni tó bá sì rí 768 tó pè é ní ìdọ̀tí, tó fi SUBSTITUTE yọ ọ́, ti sọ Adébáyọ̀ di Adébáyọ nínú ìwé ẹgbẹ́ nìyẹn.

(Bí a ṣe ń kọ é lọ́nà méjì yẹn, gígé àlàfo ò lè tún un ṣe. Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní unicodedata.normalize fún un. Excel ò ní nǹkan kan tó jọ ọ́ nínú àwọn fọ́múlà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Google Sheets ní TRIM tiẹ̀ náà, ọ̀nà kan náà la fi ń kọ ọ́. Ohun tó fi gbọ̀n ju Excel lọ lójú tèmi ni èyí tí Google fi sínú rẹ̀ lọ́dún 2019: ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù yín, ẹ lọ sí Data, ẹ wọ Data cleanup, ẹ tẹ Trim whitespace. Kò sí kọ́lọ́ọ̀mù mìíràn, kò sí kọ́pì, kò sí #REF!. Ojú ibẹ̀ gan-an ló ti gé e. Mo ti fi han akápò wa, tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́múlà rárá, ó sì ń dá a ṣe báyìí láìpè mí. Àìsàn 160 yẹn náà ló ń ṣe é o, ìwé ìrànlọ́wọ́ Google sọ ọ́ pé kì í gé e. Bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ni ilé Google. Tẹ́nì kan bá yẹ kó mọ 160 dunjú, àwọn ni.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń fi ètò kọ̀ǹpútà jẹun ò ka èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé fáìlì yẹn wá jàre, ìlà kan péré ni." Mo jókòó tì í títí mo fi mọ ohun tí ìlà kan náà ń ṣe, mo sì gbà fún un. strip ti Python, tí ẹ ò bá kọ nǹkan kan sínú àkámọ́ rẹ̀, mọ 32, ó mọ 160, ó mọ tab, ó mọ òpin ìlà, ó sì mọ àwọn àlàfo yòókù tí Unicode, ìlànà tó fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà rẹ̀, kà sí àlàfo. Ohun tí TRIM ń ṣe láàárín orúkọ nìkan ni kò ṣe: iwájú àti ẹ̀yìn ló mọ. Fún àárín, ohun tí àbúrò mi ń kọ ni " ".join(oruko.split()). split á já orúkọ síbi tí àlàfo bá wà, ì báà jẹ́ mélòó, ì báà jẹ́ irú èyíkéyìí. Join á wá fi space kan ṣoṣo so wọ́n padà. Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò, òun ló mọ́ jù, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ó ní ìwà tiẹ̀ náà. Kì í tún orúkọ ṣe síbi tó wà; ẹ ní láti kọ oruko = oruko.strip(), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣe iṣẹ́ tán, á da èsì nù. Èkejì ló ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Tí ẹ bá kọ nǹkan sínú àkámọ́, kò ní kà á sí ọ̀rọ̀ kan, àwọn lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa kà á sí. "records.csv".rstrip(".csv") ò ní fún yín ní records, record ló máa fún yín, torí ó ń gé gbogbo àmì ìdánudúró, c, s àti v tó bá bá lẹ́yìn títí tó fi kan lẹ́tà tí kò sí nínú wọn. Láti Python 3.9, tó jáde lọ́dún 2020, removesuffix ti wà fún irú iṣẹ́ yẹn. 8203 náà ò sí lára ohun tí strip ń gé, torí Unicode ò kà á sí àlàfo. Bákan náà ni àwọn àmì ìdarí, 8237 níwájú àti 8236 lẹ́yìn, tó máa ń bá nọ́ńbà fóònù wá tí a bá kọ́pì rẹ̀ látinú àkójọ orúkọ orí àwọn fóònù kan. Fún nọ́ńbà fóònù, mi ò gé ohunkóhun mọ́. Ohun tí mo ní kí àbúrò mi ṣe ni pé kó ṣa fígọ̀ nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Nínú àwọn èdè ètò kọ̀ǹpútà yòókù, JavaScript ò fún mi ní ìṣòro: trim rẹ̀ ń gé 160. Java ni ká máa ṣọ́. trim rẹ̀ àtijọ́ ò kọjá nọ́ńbà 32. Strip tó dé pẹ̀lú Java 11 lọ́dún 2018 mọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ ó mọ̀ọ́mọ̀ fi 160 sílẹ̀ ni.

PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ojú òpó, wá ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ẹgbẹ́ kan tí a jọ ń ṣe ìpàdé gbogbogbòò ní kí ẹnì kan kọ́ ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ fún wọn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kọ Èrùwà sí àpótí ìlú ń rí Èrùw, tí ohun dúdú olórígun mẹ́rin tó ní àmì ìbéèrè nínú sì dúró níbi tó yẹ kí à wà. Àwọn ará Abẹ́òkúta ò ní wàhálà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ò ní. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa láti Ìbàràpà ló ń jìyà, wọ́n sì ti ń sọ pé bóyá ìjọba ló rán an sí àwọn.

Nígbà tí àbúrò mi wo ohun tí wọ́n kọ, ó rẹ́rìn-ín. trim ti PHP ò mọ 160, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá ní kó máa gé e. Ní UTF-8, ọ̀nà tí ojú òpó sábà máa ń gbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́, báìtì (ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ) méjì ni 160: C2 àti A0. Ó kọ àwọn méjèèjì sínú trim. Ṣùgbọ́n trim ò mọ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n. Báìtì kọ̀ọ̀kan ló ń wò, èyíkéyìí nínú méjèèjì tó bá bá létí ọ̀rọ̀, á gé e. Wàyí o, à náà báìtì méjì ni: C3 àti A0. trim dé ìparí Èrùwà, ó bá A0 níbẹ̀, ó gé e, ó fi C3 nìkan sílẹ̀ láìní ẹnì kejì. Báìtì tó kù yẹn kì í ṣe lẹ́tà kankan, òun ló ń fara hàn bí àmì ìbéèrè. á jẹ́ C3 A1, kò kàn án. ọ̀ parí sí CC 80, kò kàn án. Orúkọ tó bá parí sí à nìkan ló máa bà jẹ́, ẹni tó bá sì fi orúkọ tí kò lámì dán ojú òpó rẹ̀ wò ò lè rí i títí ayé. Gẹ̀ẹ́sì ò ní à, kò sí ohun tó máa mú ẹni tó kọ ìwé trim náà rò ó.

PHP 8.4 tó jáde ní November 2024 ti ní mb_trim, tó mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí báìtì, tó sì ń gé 160 láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ẹni tó bá ṣì wà lórí PHP àtijọ́ lè lo preg_replace tó ní u lẹ́yìn. trim lásán, láìfi nǹkan kan kún un, ò ní ba orúkọ jẹ́, wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi báìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé àlàfo ibẹ̀. Space lè wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé olówó rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀. Laravel, àkójọ irinṣẹ́ tí àwọn tó ń lo PHP fi ń kọ́ ojú òpó, tó ti ń gé àlàfo gbogbo fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 5.4 lọ́dún 2017, yọ àpótí páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, Django, irú rẹ̀ ti Python, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn pé wọ́n ronú kàn án.

Ìràwọ̀ tí mo fún wọn rèé, nínú márùn-ún. TRIM ti Excel, mẹ́ta: ó yára, ó sì mọ àárín orúkọ, àmọ́ 160 ń pa á láyò. Trim whitespace inú Sheets, mẹ́rin, torí ẹni tí kò mọ fọ́múlà lè lò ó lónìí. split àti join ti Python, márùn-ún, tí ẹ bá ní àbúrò. trim ti PHP, méjì, mb_trim sì lè gba mẹ́rin. Èmi ṣì ń lo Sheets lójoojúmọ́, mo sì máa ń fi fọ́múlà SUBSTITUTE yẹn lé ìwé tó bá ti ibi iṣẹ́ wá kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Tí ẹgbẹ́ yín bá ń lo ojú òpó tí ẹlòmíràn kọ́, ẹ kọ Èrùwà sínú àpótí ìlú pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ẹ fi pamọ́, kí ẹ tún un ṣí. Tí à bá ti di àmì ìbéèrè, ẹ fi ọ̀rọ̀ C2 àti A0 tí mo sọ lókè yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́ ọ, iṣẹ́ wákàtí kan ni.